ILÉ ÌKÓWÈÉSÍ YUNIFÁSÍTÌ ÀTI OKO Ẹ̀GẸ́ WA

Ẹ̀kọ́ fún àwọn Ilé Ìkàwé Abúlé

Ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ láti òkèèrè, ṣùgbọ́n tí a kò rò pé ó kàn wá. Ohun náà ni ilé ìkówèésí ti yunifásítì, pàápàá apá ibẹ̀ tí ó wà fún àwọn olùwádìí nípa ohun abẹ̀mí: igi àti koríko, kòkòrò àti ẹranko, ẹja inú omi, àti àwọn kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí. Àgbẹ̀ lè béèrè pé, "Èmi tí mo ń fi ọkọ́ ro oko, kí ni ó pa èmi àti ilé ìwé ńlá tí ó wà ní Ìbàdàn tàbí ní Ifẹ̀ pọ̀?" Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀. Ìdáhùn wa ni pé bí gààrí ti wà nínú àwo wa lónìí, ìwé wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ó tán níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ kí a sì wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí.

1. Ohun tí ó wà nínú ilé náà

Ní 1948 ni a dá kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn, èyí tí ó ti di Yunifásítì Ìbàdàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti ní ilé ìkówèésí. Lára ìwé tí a fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni èyí tí olóògbé Henry Carr, ọ̀mọ̀wé ọmọ Èkó, fi gbogbo ayé rẹ̀ kó jọ. Láti 1950 sì ni òfin ti pa á láṣẹ fún àwọn tí ń tẹ ìwé ní Nàìjíríà pé kí wọ́n máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ síbẹ̀ fún ìpamọ́. Lónìí a ń pe ilé náà ní Ilé Ìkówèésí Kenneth Dike, ní ìrántí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó ṣe olórí yunifásítì náà. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní Ifẹ̀, ní Èkó, àti ní àwọn yunifásítì mìíràn pẹ̀lú.

Bí olùwádìí nípa ohun abẹ̀mí bá wọ inú irú ilé bẹ́ẹ̀, oríṣi ìwé mẹ́ta ni ó sábà máa ń wá.

Èkíní ni ìwé àtìgbàdégbà. Ìwé wọ̀nyí ń jáde lóṣooṣù tàbí ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kì í ṣe ìtàn ìgbádùn ni a ń kọ sínú wọn. Olùwádìí tí ó ti rí ohun tuntun ni ó ń kọ ohun tí ó ṣe, bí ó ti ṣe é, ibi tí ó ti ṣe é àti ohun tí ó rí, kí ẹlòmíràn lè tún un ṣe láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde, àwọn mìíràn tí ó mọ iṣẹ́ náà yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Èkejì ni ìwé tí ó to àwọn ẹ̀dá lẹ́sẹẹsẹ. Àpẹẹrẹ pàtàkì ni Flora of West Tropical Africa, ìwé ńlá tí ó ṣe àpèjúwe àwọn ewéko ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Láàárín 1927 àti 1936 ni a kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, a sì tún un ṣe láàárín 1954 àti 1972. Òmíràn tí ó kàn wá gan-an ni ìwé tí onímọ̀ ewéko Z. O. Gbile kọ ní 1984, níbi tí ó to orúkọ Yorùbá ti àwọn ewéko pọ̀ mọ́ orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n.

Ẹ̀kẹta ni ìwé atọ́ka. Ìwé yìí kì í sọ ìmọ̀ fúnra rẹ̀. Ibi tí ìmọ̀ wà ni ó ń tọ́ka sí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dúró ní oríta tí ó ń fi ọ̀nà han àlejò. Bí kò bá sí i, ẹni tí ó ń wá ọ̀rọ̀ kan láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé yóò dà bí ẹni tí ó ń wá abẹ́rẹ́ nínú igbó.

Ilé ìkówèésí ní àbúrò kan tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé, èyíinì ni ilé tí a ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ sí. Ó wà ní Ìbàdàn, lọ́dọ̀ àwọn olùwádìí nípa igbó ọba. Ewé tí a ti tẹ̀, tí a sì ti sá gbẹ, tí a lẹ̀ mọ́ bébà líle, ni ó wà níbẹ̀. Wọ́n ju 100,000 lọ. Lára bébà kọ̀ọ̀kan ni a kọ ibi tí a ti já ewé náà, ọjọ́ tí a já a, orúkọ ẹni tí ó já a, àti ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Ewé tí ẹnìkan já ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún sẹ́yìn, nínú igbó tí a ti gé dànù, ṣì wà níbẹ̀ tí ó ń jẹ́rìí pé irú rẹ̀ hù ní ilẹ̀ náà rí.

Àwọn mìíràn lè rò pé ìwé àtijọ́ kò wúlò mọ́. Àwọn àgbà wa ti dáhùn pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ilé ìkówèésí ni ìwé àtijọ́ rẹ̀. A ó rí i láìpẹ́ pé ìwé tí ó ti wà ní ìpamọ́ fún ọdún mẹ́tàdínlógún lè di ohun tí ebi ń bẹ̀rù.

2. Orúkọ ni ilẹ̀kùn

Kí a tó lè rí ìmọ̀ nípa ohun kan nínú ìwé, a gbọ́dọ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Èyí kò rọrùn tó bí a ti rò. Bí a bá sọ pé ẹ̀gẹ́, ará ìlú kan yóò pè é ní pákí, òmíràn yóò pè é ní gbágùúdá. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí láàárín àwa tí a ń sọ èdè kan náà, báwo ni yóò ti rí láàárín wa àti àwọn ará Kóńgò, tàbí àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà?

Nítorí ìdí èyí ni Linnaeus, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Sweden, ṣe gbé ìlànà kan kalẹ̀ ní 1753, pé kí ewéko kọ̀ọ̀kan ní orúkọ méjì ní èdè Látìnì. Orúkọ kìíní dà bí orúkọ agbo ilé, ìkejì sì dà bí orúkọ tí a sọ ọmọ. Agbo ilé Manihot ni ẹ̀gẹ́ ti wá. Manihot esculenta ni orúkọ rẹ̀, Crantz ni ó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1766. Ẹni tí ó bá kọ orúkọ yìí ní Brazil, tí ó kọ ọ́ ní Ṣáínà, tàbí tí ó kọ ọ́ ní Ìbàdàn, ohun kan náà ni ó ń sọ.

Nígbà mìíràn àwọn olùwádìí a máa yí orúkọ padà, bí wọ́n bá rí i pé agbo ilé tí a fi ewéko kan sí kọ́ ni ó ti wá. Ewúro tí a fi ń se ọbẹ̀ ń jẹ́ Vernonia amygdalina fún ìgbà pípẹ́. Nísinsìnyí Gymnanthemum amygdalinum ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá fi orúkọ tuntun nìkan wá ìwé yóò pàdánù ohun tí a ti kọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òṣìṣẹ́ ilé ìkówèésí tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò sọ fún un pé, "Wá a lábẹ́ orúkọ méjèèjì."

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí a bá ṣi ẹ̀dá kan lórúkọ, ohun tí ó tẹ̀lé e lè jẹ́ àdánù ńlá, gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí ó kàn yìí yóò ti fi hàn.

3. Kòkòrò tí ó wọ oko ẹ̀gẹ́

Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀, àwọn Potogí ni ó sì gbé e wá sí Áfíríkà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ó dé, ó rí ilẹ̀ gbà, ó sì di oúnjẹ ẹgbàágbèje ènìyàn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Kóńgò bẹ̀rẹ̀ sí í rí kòkòrò kékeré kan lára ẹ̀gẹ́ wọn. Ohun funfun bò ó lára bí ẹni pé a bu ìyẹ̀fun lù ú. Orí ẹ̀gẹ́, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ, ni ó ń bà sí tí ó ń fa omi ara rẹ̀ mu. Ewé yóò ká jọ bí ìkúùkù, igi yóò kúrú, orí rẹ̀ yóò sì kú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó burú jù. Ní ibi tí ó bá ti le, àgbẹ̀ lè pàdánù tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún iṣu ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Igi ẹ̀gẹ́ pàápàá, tí ìbá fi gbin ti ọdún tí ń bọ̀, a máa di aláìwúlò. Láti ilẹ̀ dé ilẹ̀ ni kòkòrò náà ń lọ, kò sì pẹ́ tí ó fi wọ Nàìjíríà.

Kí ni ṣíṣe? Oògùn apakòkòrò wọ́n ju agbára àgbẹ̀ kékeré lọ, ó sì léwu, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àárín gbùngbùn Áfíríkà ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ bí ẹ̀fọ́. Àwọn olùwádìí ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, gba ọ̀nà mìíràn. Ọ̀gbẹ́ni Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó ṣe aṣáájú wọn. Wọ́n rò ó báyìí pé: ìwé ti sọ pé láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti wá. A jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí kòkòrò yìí náà ti ibẹ̀ wá. Bí ó bá sì wà níbẹ̀ láìṣe ọṣẹ́ púpọ̀, a jẹ́ pé ó ní ọ̀tá níbẹ̀ tí kò jẹ́ kí ó pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí a wá ọ̀tá náà rí.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe pàtàkì ni orúkọ. Ní 1977, onímọ̀ kòkòrò ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Danièle Matile-Ferrero, ṣe àpèjúwe kòkòrò tí ó wá láti Kóńgò, ó sì sọ ọ́ ní Phenacoccus manihoti. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ó bá ń wá a ti mọ ohun tí òun ń wá.

Ní apá àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n rí kòkòrò kan lára ẹ̀gẹ́ tí ó jọ ti Kóńgò gan-an. Inú àwọn tí ń wá a dùn, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá kòkòrò tí wọ́n rí níbẹ̀ kò mú ti Áfíríkà ṣe ohun jíjẹ. Kí ni ó fà á? Àwọn onímọ̀ méjì, Cox àti Williams, fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo kòkòrò méjèèjì, wọ́n sì fi wọ́n wé ohun tí a ti kọ sílẹ̀. Ní 1981 wọ́n tẹ ìdáhùn jáde: ìbejì kọ́ ni wọ́n, wọ́n kàn jọra ni. Èyí tí ó wà ní àríwá ní akọ àti abo; ti Kóńgò kò ní akọ rárá, abo nìkan ni ó ń bí ara rẹ̀. Wọ́n sọ èyí tí ó ní akọ ní Phenacoccus herreni. Ìwé yìí fi yé gbogbo àwọn tí ń wá kiri pé ibi tí wọ́n ń wá a kọ́ ni ó wà, pé kí wọ́n kọjá lọ sí apá ìsàlẹ̀.

Ní ọdún 1981 kan náà ni olùwádìí Anthony Bellotti rí ojúlówó kòkòrò náà ní ilẹ̀ Paraguay. Ọ̀tá rẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀: agbọ́n tín-ín-tín kan tí kò tó kóró ìrẹsì, tí kì í ta ènìyàn. Inú ara kòkòrò funfun náà ni agbọ́n yìí ń yé ẹyin sí. Bí ẹyin bá pa, ọmọ rẹ̀ yóò jẹ kòkòrò náà láti inú wá títí yóò fi ku èèpo lásán, agbọ́n tuntun yóò sì lu èèpo náà jáde.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Agbọ́n náà kì í ṣe àjèjì nínú ìwé. Ní 1964 ni Luis De Santis, onímọ̀ kòkòrò ọmọ ilẹ̀ Argentina, ti ṣe àpèjúwe rẹ̀, tí ó sì sọ ọ́ ní lopezi. Ní ọjọ́ tí ó kọ ọ́, kòkòrò ẹ̀gẹ́ kò tí ì dé Áfíríkà, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé ohun tí ó kọ yóò wúlò fún gààrí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà kàn ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́, ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ pérépéré, àwọn ilé ìkówèésí sì pa á mọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún, a ní orúkọ tí a ó fi pe ẹni tí ó gbà wá.

Wọ́n kọ́kọ́ gbé agbọ́n náà lọ sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti sé e mọ́ láti rí i dájú pé kò gbé ìparun mìíràn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e wá sí Ìbàdàn, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà ní 1981 kan náà. Ó bí, ó rẹ̀, ó tàn ká. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ó ti dé orílẹ̀-èdè tí ó ju 20 lọ ní Áfíríkà, ìyọnu kòkòrò náà sì rọlẹ̀ ní ibi tí ó pọ̀ jù. Àgbẹ̀ kò san kọ́bọ̀ kan fún un. Ní 1995 ni a fún Herren ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní 2008 kòkòrò yìí yọ sí ilẹ̀ Thailand ní Éṣíà. Àwọn ará ibẹ̀ kò ní láti tún bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun gbogbo ti wà ní àkọsílẹ̀. Ní 2009 ni a kó agbọ́n náà ránṣẹ́ sí wọn láti ilé ìwádìí IITA tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Benin, aládùúgbò wa. Ohun tí a kọ́ nínú oko ẹ̀gẹ́ tiwa ni ó gba oko ẹlòmíràn là. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

4. Ìwé tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ín

Kò yẹ kí a sọ apá tí ó dùn nìkan. Ìmọ̀ lè wà nínú ìwé kí ó má sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, bí ìwé náà kò bá dé ibi tí ó yẹ kí ó dé.

Ní 1982, àwọn olùwádìí ará Yúróòpù kan tẹ ìwé jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà ilẹ̀ Faransé nípa ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn tí wọ́n yẹ̀ wò ní Làìbéríà. Wọ́n rí àmì nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan pé àrùn Èbólà ti kàn wọ́n rí, wọ́n sì kọ ọ́ pé ó yẹ kí a ka Làìbéríà mọ́ àwọn ilẹ̀ tí àrùn náà wà. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, ní 2014, Èbólà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ àti ní Guinea àti Sàró. Ó pa ènìyàn tí ó ju 11,000 lọ, ó sì dé Èkó pàápàá ní oṣù Keje ọdún náà.

Ní 2015, àwọn àgbà òṣìṣẹ́ ìlera ilẹ̀ Làìbéríà kọ ọ́ sí gbangba pé àwọn kò mọ̀ rí pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Kò sí ọmọ Làìbéríà kankan lára àwọn tí ó kọ ọ́. Owó tí dókítà ibẹ̀ yóò san kí ó tó lè ka ọ̀kan nínú irú ìwé wọ̀nyí lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì tó ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. A kò sọ pé ìwé kan ṣoṣo ni ìbá dá àrùn náà dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ti kìlọ̀ fún tí kò gbọ́, àti ẹni tí ìkìlọ̀ kò dé etí rẹ̀, kò yàtọ̀ síra ní ọjọ́ tí ewu bá dé.

5. Bí a ti ń wá ìmọ̀ lónìí

Nítorí irú ìṣòro yìí ni a ṣe ń wá ọ̀nà tí ìwé yóò fi rọrùn láti rí fún àwọn olùwádìí ilẹ̀ tí owó kò pọ̀. Ní 1997 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣí PubMed sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé atọ́ka ńlá ni lórí kọ̀ǹpútà, tí ó ń tọ́ka sí ìwé nípa ìlera àti ohun abẹ̀mí. Ní 2002 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn òǹtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ ètò tí a ń pè ní HINARI, èyí tí ó jẹ́ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ tí kò lówó lè ka ìwé àtìgbàdégbà nípa ìlera lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú. Ní 2003 ni AGORA tẹ̀lé e fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Láti 1998 sì ni African Journals Online ti ń gbé àwọn ìwé àtìgbàdégbà tí a tẹ̀ ní Áfíríkà fúnra rẹ̀ síta. Bákan náà, láti 2006, àwọn ilé ìkówèésí ńlá kan ti para pọ̀ láti máa ya àwòrán ìwé àtijọ́ nípa igi àti ẹranko, ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Ilẹ̀ wa náà ń fi sí i, kì í ṣe pé a ń gbà nìkan. Ní ìparí oṣù Kejì 2020, nígbà tí a rí ẹni àkọ́kọ́ tí àrùn Kòrónà mú ní Nàìjíríà, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ní Èkó, ka àbùdá kòkòrò àrùn náà. Wọ́n gbé e síta fún gbogbo ayé kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti Áfíríkà.

Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà kò gba ipò òṣìṣẹ́ ilé ìkówèésí. Iná lè kú, owó ìwé lè má pé, ìwé púpọ̀ sì wà tí a kò tí ì yà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òṣìṣẹ́ náà ni ó mọ ibi tí ìwé wà, orúkọ àtijọ́ tí a lè fi wá a, àti yunifásítì tí a lè kọ̀wé sí bí kò bá sí lọ́dọ̀ wa. Alágbàtọ́ ìmọ̀ ni, ó sì yẹ kí a máa bu ọlá fún un.

6. Iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ wa

Àwa ará abúlé ni a kọ́kọ́ ń rí ohun tuntun nínú oko, kí ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí kòkòrò tàbí àrùn tí ẹ kò rí rí lára irè oko, ẹ ṣe báyìí:

(a) Ẹ má ṣe kó igi ẹ̀gẹ́ tàbí ewé tí ó ní àrùn láti oko kan lọ sí òmíràn. Lára igi gbígbìn ni irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ máa ń gbà rìn. Ẹ ránṣẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní àdúgbò yín kí ó wá wò ó níbi tí ó wà.

(b) Bí ó bá jẹ́ kòkòrò, ẹ kó díẹ̀ sínú ìgò kékeré tí ó ní ọtí líle, kí ẹ sì dé e pinpin.

(d) Bí ó bá jẹ́ ewéko tí kò ní àrùn tí ẹ fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀, ẹ gé ẹ̀ka tí ó ní ewé pẹ̀lú òdòdó tàbí èso, nítorí pé ewé nìkan kì í sábà tó láti dá a mọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín bébà ìwé ìròyìn àtijọ́, ẹ gbé ohun wúwo lé e, kí ẹ sì máa pààrọ̀ bébà náà lójoojúmọ́ títí yóò fi gbẹ.

(e) Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ìwé pélébé mọ́ ọn: orúkọ abúlé, ọjọ́ tí ẹ rí i, irè oko tí ó wà lára rẹ̀, ohun tí ó ń ṣe sí i, àti orúkọ tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń pè é. Pẹ́ńsù dára ju yíǹkì lọ, nítorí pé omi tàbí ọtí kì í tètè pa á rẹ́. Ohun tí kò ní àkọsílẹ̀ yìí kò wúlò fún olùwádìí.

(ẹ) Ẹ fi í lé òṣìṣẹ́ náà lọ́wọ́, ẹ sì bi í léèrè èsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni láti gbọ́ èsì.

Bí a bá ṣe èyí, àwa náà ti kọ ojú ìwé kan kún ilé ìkówèésí. Ó lè jẹ́ ojú ìwé tí ẹnìkan yóò ṣí lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún, ní ilẹ̀ tí a kò lè dárúkọ rẹ̀ lónìí, nígbà tí ebi bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ilé ìkàwé

1. Orúkọ mélòó ni àwa tí a wà níhìn-ín mọ̀ fún ẹ̀gẹ́? Fún ìbẹ́pẹ ńkọ́?

2. Kí ni ìbá ṣẹlẹ̀ bí kò bá sí ẹni tí ó mọ̀ pé kòkòrò méjì tí ó jọra kì í ṣe ọ̀kan náà?

3. Ewéko wo ni àwọn àgbà mọ̀ ní abúlé yìí tí àwọn ọmọ kò mọ̀ mọ́? Ta ni yóò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, nígbà wo ni yóò sì kọ ọ́?